Báàgì, agbọ̀n, ike tàbí ọ̀rá: èwo ni ká gbé lọ sọ́jà l'Abẹ́òkúta?

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo ti Kútọ̀ dé, mo tú ọjà sílẹ̀ nínú kíṣìnì, mo wá kó gbogbo ọ̀rá tó bá mi wálé jọ sórí tábìlì. Mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ 17. Ata rodo ní ọ̀rá tiẹ̀, tòmátì ní tiẹ̀, àlùbọ́sà náà ní tiẹ̀. Ẹran wà nínú ọ̀rá funfun, wọ́n sì tún ki ọ̀rá funfun náà bọnú dúdú. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ tí wọ́n ti fi okùn dì tẹ́lẹ̀ pàápàá gba ọ̀rá kan. Kò sí ẹyọ kan tí mo bèèrè nínú gbogbo wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, 15 ti wà nínú garawa ìdọ̀tí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń dán oríṣiríṣi nǹkan wò: báàgì aṣọ, agbọ̀n, ike ọlọ́mọrí, kẹ́ẹ̀gì, fíláàsì oúnjẹ. Àwọn kan wúlò ju bí mo ṣe rò lọ. Àwọn mìíràn kò bá ọjà wa mu rárá, bó ti wù kí wọ́n rẹwà tó. Ohun tó dá mi lójú báyìí ni pé kò sí ohun ìkẹ́rùsí kan tó dára fún gbogbo ọjà. Èyí tó dára ni èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá dúró níwájú ìsọ̀, tí ọlọ́jà á sì gbà láìsí pé ó ń ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ohun méjì yìí ni mo fi ń wọn gbogbo wọn nísàlẹ̀ yìí, lẹ́yìn náà ni mo wo owó àti ìmọ́tótó.

Ọ̀rá dúdú, báàgì aṣọ, àti báàgì tí a fi àpò ìrẹsì rán

Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọ̀rá dúdú. Ó fúyẹ́, omi kì í wọ̀ ọ́, ó ń bo ohun tí èèyàn rà mọ́ aládùúgbò lójú, ọlọ́jà sì ti ṣí i sílẹ̀ dè yín kí ẹ tó sanwó tán. Ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ yà sọ́jà láìmúra tẹ́lẹ̀ kò rí nǹkan mìíràn gbé. Ìdí nìyí tí ìwàásù nìkan kì í fi í mú un kúrò lọ́wọ́ wa.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ń lọ lẹ́yìn ìgbà tó bá kúrò lọ́wọ́ wa. Orí àpáta ni ìlú wa wà. Òjò tó bá rọ̀ sórí òkè kì í dúró síbẹ̀, inú gọ́tà ló ń sáré gbà dé odò Ṣokorí, kó tó já sínú odò Ògùn. Ọ̀rá tí a jù sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn ló ń dúró de omi yẹn lẹ́nu gọ́tà. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2018, omíyalé gbẹ̀mí èèyàn l'Abẹ́òkúta. N kò ní sọ pé ọ̀rá nìkan ló fà á, nítorí òjò ọjọ́ náà pọ̀ lápọ̀jù, àwọn ilé kan sì wà lójú ọ̀nà omi. Síbẹ̀, ẹni tó bá bá wọn kó gọ́tà rí mọ ohun tí ṣọ́bìrì máa ń gbé jáde: iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀, ọ̀rá púpọ̀.

Báàgì aṣọ wá ńkọ́? L'Abẹ́òkúta, ojú àkọ́kọ́ tí a máa ń wò ni Ìtòkú, níbi tí àdìrẹ ti pọ̀. Báàgì àdìrẹ dára lójú, ó lágbára, ó ṣeé ká sínú àpamọ́wọ́. Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Èkíní, bó bá jẹ́ aṣọ tuntun tí aró ṣì ń jáde lára rẹ̀, ẹ má gbé ẹja tútù tàbí ẹ̀fọ́ tí wọ́n wọ́n omi sí sínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Mo ti gbé búrẹ́dì wálé rí tí eteetí rẹ̀ di búlúù, mo sì dà á nù.

Èkejì ṣe pàtàkì jù. Àjọ tó ń mójú tó àyíká ní England gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2011 tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Òwú gba oko, ó gba omi, ó gba iná ilé iṣẹ́ kó tó di aṣọ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé kí báàgì òwú tó dọ́gba pẹ̀lú ọ̀rá fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ti ohun tí ṣíṣe rẹ̀ ń dá sílẹ̀ fún ojú ọjọ́, ó gbọ́dọ̀ lọ sọ́jà nígbà 131. Bí ẹ bá ń lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọdún méjì ààbọ̀ nìyẹn. Ọ̀rá tó nípọn, ìgbà 4 ló tó. Báàgì oníke rírọ̀ tó rí bí aṣọ, ìgbà 11.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí báàgì oníke rírọ̀ yìí, nítorí gbogbo wa la ní i nílé, a kàn ò kà á sí ni. Òun ni wọ́n ń pín fún wa lóde ìsìnkú, ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí, tí wọ́n tẹ fọ́tò àti orúkọ olóde sí lára. Báàgì òde ni mo ń pè é. Mo ka tèmi nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo rí 9. Ìlú tó ń ṣe òde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bíi tiwa kò ní ìdí kankan láti lọ fi owó ra báàgì ọjà. Ẹni tó pín in ti ná owó rẹ̀ tán, inú rẹ̀ á sì dùn bó bá rí i lọ́wọ́ yín ní Ọmídà. Àbùkù rẹ̀ ni pé oòrùn máa ń jẹ ẹ́. Bí ẹ bá sá a síta lójoojúmọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́. Ibòji ni kí ẹ ti máa gbẹ ẹ́.

Fún ẹrù tó wúwo, mi ò rí èyí tó borí báàgì tí tẹ́lọ̀ fi àpò ìrẹsì 50 kílò rán. Iṣu mẹ́ta, ọ̀gẹ̀dẹ̀ odindi ọwọ́ méjì, kò ní já. Tẹ́lọ̀ àdúgbò lè fi ìdajì àpò rán ọ̀kan kí ó sì fi aṣọ bo ìmú rẹ̀ kó má baà gé ọwọ́. Ó ṣeé fi omi ṣàn, ó máa ń gbẹ kíákíá, ó sì ń dúró fúnra rẹ̀ lórí ilẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yọ owó. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ni mo lè mú nínú mẹ́ta, òun ni.

Nípa ìmọ́tótó báàgì, wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Arizona àti California, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 2010. Wọ́n gba báàgì 84 lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ sọ́jà, wọ́n rí i pé 97% nínú àwọn èèyàn náà kì í fọ báàgì wọn rárá. Kòkòrò àìrí sì pọ̀ nínú wọn. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe kẹ́míkà àti ike ló ná owó ìwádìí yẹn, nítorí náà, mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí a gbọ́. Ṣùgbọ́n apá kejì ìwádìí náà ló wúlò fún wa: fífọ̀ nìkan mú èyí tó lé ní 99.9% kòkòrò náà kúrò. Ọṣẹ, omi, oòrùn díẹ̀, ó parí. Ẹ kàn má fi báàgì ẹran ṣe báàgì búrẹ́dì.

Agbọ̀n àti Ghana-must-go

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Agbọ̀n dára fún ohun tó ń fọ́ tàbí tó ń tẹ̀: tòmátì, ẹyin, ọsàn, píà. Afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀, ẹrù kì í lóòógùn nínú rẹ̀. Àmọ́ nínú kẹ̀kẹ́ Márùúwá tí èèyàn mẹ́ta jókòó sí lẹ́yìn, agbọ̀n ńlá ń gún ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀, kò sì ṣeé ká. Ẹni tó ní mọ́tò tàbí tí ilé rẹ̀ sún mọ́ ọjà ló yẹ.

Ghana-must-go, tí orúkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu wa láti ìgbà tí ìjọba lé àwọn ará Gánà lọ lọ́dún 1983, jẹ́ ti ọjà oṣù. Ẹ gbé e lọ sí Láfẹ́nwá bí ẹ bá fẹ́ ra gàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ tí ẹ máa jẹ títí oṣù á fi parí. Fún ata àti ẹran ọ̀sẹ̀ kan, ó ti tóbi jù, gbogbo nǹkan á dàpọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹran, ẹja, ata lílọ̀: ike ọlọ́mọrí àti ọ̀rá funfun

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣíwọ́. Wọ́n á gbé báàgì dání, ṣùgbọ́n inú báàgì náà, ọ̀rá wẹ́wẹ́ ló kún un, nítorí ẹran ń kán omi, ata lílọ̀ ń ṣàn. Ike ọlọ́mọrí ló yanjú èyí fún mi. Ike áísìkiriimu ńlá tó ti ṣófo ni mo fi bẹ̀rẹ̀, n kò ra nǹkan kan. Mẹ́rin ló ń wà nínú báàgì mi, ọ̀kan nínú ọ̀kan kí wọ́n má baà gbàyè: ti ẹran, ti ẹja, ti ata, ti ògì tàbí ìrú.

Ìbẹ̀rù tí mo ní ni pé àwọn ọlọ́jà á máa wò mí bí ẹni tó ń ṣe àṣejù. Báyìí ni ó ṣe lọ lọ́dọ̀ Ìyá ẹlẹ́ja lọ́jọ́ àkọ́kọ́:

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá mi. Ẹ bá mi kó o sínú ike yìí."

"Kí ló ṣe ọ̀rá mi?"

"Kò ṣe nǹkan kan, mà. Ó ti pọ̀ jù nílé ni."

"Ẹ gbé e wá. Ọ̀rá náà ti wọ́n, ṣé ẹ mọ̀?"

Mo wá rí i pé owó ni ọ̀rá jẹ́ fún ọlọ́jà. Òun ló ń rà á ní dìdì, èrè orí ẹja ló sì ń ná lé e. Láti ìgbà tí mo ti lóye èyí, n kì í tọrọ gáfárà mọ́ tí mo bá fẹ́ yọ ike. Lọ́dọ̀ alápatà, mo máa ń sọ fún un kó tó gé e pé, "Bọ̀dá, mo mú abọ́ wá o." Bó bá ti gé e tán, ó ti na ọwọ́ sí ọ̀rá nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ á sì yá ju ẹnu yín lọ. Ẹ sọ ọ́ kí ọ̀bẹ tó balẹ̀.

Ohun kan wà tó mú kí ike rọrùn ní ọjà wa ju ti ọ̀pọ̀ ìlú òkè òkun lọ. Kóńgò la fi ń wọn gàrí, láfún, ìrẹsì àti ẹ̀wà. Owó ata wà lórí òkìtì tó wà nínú abọ́. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n tán kí ó tó wọnú ohun tí ẹ gbé wá, nítorí náà, bí abọ́ yín wúwo, bó fúyẹ́, kò kan ìwọ̀n. Ibi tí ó ti kan ìwọ̀n ni ibi tí wọ́n ti ń lo òṣùwọ̀n kílò: ẹja inú yìnyín, adìyẹ inú fìrísà. Níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ike yín sórí òṣùwọ̀n. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n nínú abọ́ tiwọn, kí wọ́n tó dà á sínú tiyín. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹ máa fi owó ẹja ra ike tí ẹ gbé ti ilé wá.

Fún láfún àti èlùbọ́, kí ike náà gbẹ táútáú. Omi díẹ̀ tó kù nínú kọ̀rọ̀ ike, ọjọ́ mẹ́ta ló máa fi bu láfún. Aṣọ funfun tí wọ́n rán bí àpò kékeré dára fún un ju ike lọ, nítorí ó ń mí.

Epo: kẹ́ẹ̀gì àti ìgò

Epo ni a kò tíì kúrò nídìí àṣà àtijọ́, inú mi sì dùn sí i. Kò sẹ́ni tó ń ti ìtìjú gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sọ́dọ̀ ìyá elépo. Bí ẹ kò bá gbé tiyín lọ, ẹ máa sanwó tiẹ̀.

Ìgò dára fún ìdílé kékeré. Gíláàsì kì í mu òórùn, epo pupa àná kì í wọ òróró ẹ̀pà òní bí ẹ bá fọ̀ ọ́ dáadáa. Ìgò ni ìwọ̀n ìyá elépo pẹ̀lú, nítorí náà, ẹ gbé irú èyí tó fi ń wọn dání, kí ó má di àríyànjiyàn. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń fọ́, ó sì wúwo bí ẹ bá fẹ́ rà tó mẹ́rin, márùn-ún.

Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tàbí 25 rọrùn láti gbé, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ti gbé rí. Ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè, ẹ máa rí àmì onígun mẹ́ta tí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. 2 àti 5 ni irú ike tí wọ́n sábà ń lò fún oúnjẹ, tó sì ṣeé lò lálòtúnlò. 1 ni ike omi àti mínírà, ẹlẹgẹ́ ni, ooru ń ká a lọ́wọ́ kò. Nọ́ńbà yẹn ń sọ irú ike tó jẹ́ fún yín, kò ní sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lánàá. Kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé kẹrosíìnì, oògùn apakòkòrò tàbí kẹ́míkà ọṣẹ rí, ẹ má gbé epo jíjẹ sínú rẹ̀, bí ẹ tiẹ̀ fọ̀ ọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún. Ike ń mu nǹkan wọ̀nyẹn sára. Mo ti ra kẹ́ẹ̀gì àlòkù lẹ́bàá ọ̀nà rí, kò rùn nígbà tó tutù. Nígbà tí mo da omi gbígbóná sí i ni òórùn rẹ̀ jáde. Ìdánwò tí mo ń ṣe títí dòní nìyẹn: omi gbígbóná, ìdérí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n tó fi imú sí i.

Ẹ fọ ti epo pẹ̀lú omi gbígbóná, ọṣẹ àti ẹ̀kún ọwọ́ ìrẹsì tútù kan. Ìrẹsì náà á máa ha inú rẹ̀ bí ẹ bá ti ń jọ̀ ọ́. Ẹ da ojú rẹ̀ délẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ sì fi ọ̀rá pélébé kan sábẹ́ ìdérí rẹ̀ bí ẹ bá máa gun ọ̀kadà, nítorí ìdérí kẹ́ẹ̀gì máa ń ṣe bí ẹni pé ó dé.

Ìgò mínírà: àpẹẹrẹ tó wà lójú wa

Ẹnikẹ́ni tó ti dàgbà díẹ̀ rántí pé kò sí bí wọ́n ṣe máa tà kíréètì mínírà fún yín láìgbé òfìfo wá. Ìgò 24 jáde, 24 wọlé. Ti bíà ńlá, 12. Bó bá dín ọ̀kan, ẹ sanwó rẹ̀. Wọ́n ń rán ọmọdé lọ ra mínírà kan, á gbé ìgò dání, á sì mọ̀ pé òun ò gbọdọ̀ fọ́ ọ. Kò sí ẹni tó pè é ní ìtọ́jú àyíká. Owó ìgò wà lórí ìgò, ó tán.

Nígbà tí ike wọlé, a gbàgbé. Ẹ fi wé Jámánì, níbi tí wọ́n ti ń san sẹ́ǹtì 8 lórí ọ̀pọ̀ ìgò bíà tó ń padà, tí wọ́n sì ń san sẹ́ǹtì 25 lórí ike tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan, láti ọdún 2003. Ìgò gíláàsì kan lè lọ kó bọ̀ nígbà tó tó 50 níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe náà ni ìyá onímínírà àdúgbò ń ṣe. Bí ẹ bá ń ṣe òde, tí ilé ọtí tí ẹ ń bá rajà bá ṣì ń ta ti ìgò, ti ìgò ni kí ẹ rà. Iṣẹ́ kíkó òfìfo padà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ yan ọmọ kan tó máa dúró ti kíréètì kí ìgò má baà sọ nù sábẹ́ àga.

Bí ó bá jẹ́ omi lásán ni, ìgò omi tiyín tí ẹ pọn ti ilé wá ló borí. Píọ̀ wọ́tà wúlò fún òùngbẹ ojú ọ̀nà, n kò ní bá ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ jà.

Oúnjẹ sísè: ewé, tékàwéè, fíláàsì

Ìdíje mẹ́ta ni èyí, ó sì jẹ́ èyí tí ọkàn mi wà lára rẹ̀ jù.

Tékàwéè, abọ́ fóòmù funfun yẹn, ló wọ́pọ̀ jù. Ó ń mú kí oúnjẹ dúró síbi kan, ó fúyẹ́, kò sì jó ọwọ́. Ṣùgbọ́n fóòmù náà kì í jẹrà, ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni, ó sì ń léfòó lórí omi gọ́tà. Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dè é ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Styrene tí wọ́n fi ń ṣe é, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á lọ́dún 2018 mọ́ àwọn nǹkan tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ. Ooru àti epo ló sì ń mú kí ó tètè jáde sínú oúnjẹ, ẹ wá ro ti ọbẹ̀ ata díndín gbígbóná nínú rẹ̀.

Èyí tí mo kórìíra jù ni àmàlà láfún tí wọ́n dì sínú ọ̀rá nígbà tí èéfín ṣì ń jáde lára rẹ̀. Àwọn ìyá wa fi ewé dì í. Ọ̀rá fẹ́lẹ́ rọrùn fún olóúnjẹ, mo mọ̀, nítorí ewé ti wọ́n, ó sì gba fífọ̀ àti nínù.

Ewé náà wá ńkọ́? Ìrẹsì ọ̀fadà, tó ti abúlé Ọ̀fadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé gba orúkọ, kò ní adùn rẹ̀ pé bí kò bá sí nínú ewé eéran. Òórùn ewé ń wọ oúnjẹ. Ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín náà mọ ilé wọn. (Èso ewé eéran yìí kan náà ni àwọn òyìnbó ń yọ ohun tí wọ́n ń pè ní thaumatin nínú rẹ̀, tí adùn rẹ̀ ju ti ṣúgà lọ fíìfíì. Ohun tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ nínú igbó ọ̀fẹ́.) Ẹ̀ẹ̀kan là ń lo ewé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ lè jẹ ẹ́, ilẹ̀ á sì gba ìyókù. Ohun tí kò lè ṣe ni kó gbé ọbẹ̀ olómi dé ilé lórí ọ̀kadà.

Ibẹ̀ ni fíláàsì tàbí kúlà kékeré ti wúlò. Oúnjẹ á gbóná dé ilé, ọbẹ̀ kò ní dà, ẹ kò sì ní san owó tékàwéè, tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ń gbà á lọ́tọ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ olóúnjẹ kan náà lemọ́lemọ́, kí ojú yín di mímọ̀. Ẹ ṣí ọmọrí rẹ̀ kí ẹ tó na án sí i, kí ó rí i pé ó mọ́. Olóúnjẹ tó bá bu oúnjẹ sínú abọ́ ẹlẹ́gbin mọ̀ pé òun ni wọ́n máa bá wí bí inú bá run oníbàárà. Ìyá olóúnjẹ kan ní Pańṣẹ́kẹ́ ń fi omi gbígbóná ṣan fíláàsì mi kó tó bu oúnjẹ sí i, n kì í sọ fún un pé mo ti fọ̀ ọ́. Ó ń dáàbò bo orúkọ rẹ̀ ni.

Nítorí náà: ewé fún ohun gbígbẹ tí ẹ máa jẹ lójú ẹsẹ̀, fíláàsì fún ohun olómi tó ń lọ sílé, tékàwéè nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn.

Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ wo èyí

| Ohun tí ẹ fẹ́ rà | Èyí tí mo máa ń gbé | Ohun tí ọlọ́jà máa ń sọ | Ibi tó ti ń ṣeni |
|---|---|---|---|
| Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbàdo | Báàgì àpò ìrẹsì | Kò sọ nǹkan kan | Ìmú rẹ̀ ń gé ọwọ́ bí wọn kò bá fi aṣọ bò ó |
| Ẹ̀fọ́, ata, àlùbọ́sà | Báàgì òde | "Ṣé ẹ ò gba ọ̀rá ni?" | Ata àti àlùbọ́sà á dàpọ̀, ẹ ṣà á nílé |
| Ẹran, ẹja | Ike ọlọ́mọrí | Inú wọn dùn sí i | Òṣùwọ̀n kílò |
| Epo pupa, òróró | Ìgò fún díẹ̀, kẹ́ẹ̀gì fún púpọ̀ | Òun fúnra rẹ̀ á bèèrè rẹ̀ | Òórùn ohun tó ti gbé rí |
| Oúnjẹ sísè | Fíláàsì tàbí ewé | Á wò ó bóyá ó mọ́ | Gbígbàgbé rẹ̀ nílé |

Ní ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà gba owó, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ṣíṣí báàgì òfìfo kiri láàárín pẹpẹ ọjà lè mú kí sìkíọ́rítì máa tẹ̀lé yín. Ẹ ká a mọ́wọ́, ẹ gbé e lé orí kántà nígbà tí owó bá délẹ̀, ẹ sì mú rìsíìtì dání dé ẹnu ọ̀nà.

Ìdí tí a fi ń gbàgbé rẹ̀

Àwọn èèyàn tí mo bá sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sọ fún mi pé àwọn kò fẹ́. "Mo gbàgbé" ni wọ́n ń sọ. Mo gbà wọ́n gbọ́, nítorí ohun tí kò ná wa lówó kì í dúró lọ́kàn. Nílùú Ireland, wọ́n fi sẹ́ǹtì 15 lé orí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ní oṣù Kẹta ọdún 2002. Kó tó dìgbà yẹn, ẹnì kan ń gba ọ̀rá bíi 328 lọ́dún. Ó já wálẹ̀ sí bíi 21. Sẹ́ǹtì 15 kò pa ẹnikẹ́ni lébi, ṣùgbọ́n ó mú kí wọ́n rántí báàgì tó wà nílé.

Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rá ńlá ti ń gba owó lọ́tọ̀ níbi púpọ̀. Ká ní ọ̀kan jẹ́ ₦100, tí ẹ sì ń gba mẹ́ta lọ́sẹ̀, ₦15,600 lẹ máa ná lórí ọ̀rá lọ́dún kan. Tẹ́lọ̀ kò ní gba tó bẹ́ẹ̀ lórí báàgì àpò ìrẹsì kan.

Èyí tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni ibi tí mo ń gbé e sí. Nígbà tí báàgì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ń gbàgbé rẹ̀. Mo kàn án mọ́ ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí kọ́kọ́rọ́ wà, ìgbàgbé sì dín kù. Mo tún ká báàgì òde kan sínú àpamọ́wọ́ mi fún ọjọ́ tí ọjà bá yà mí lẹ́nu lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ fi kíréètì ẹyin bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹlẹ́yin fúnra rẹ̀ ń wá a, iye rẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ fún ẹni tó gbé tiẹ̀ wá. Èyí tó jẹ́ oníke ni kí ẹ tọ́jú, ẹ lè fi ọṣẹ fọ ẹ̀gbin adìyẹ kúrò lára rẹ̀. Ti páálí, bó bá ti rin tàbí tí ẹyin fọ́ sí i lára, ẹ jù ú nù. Nígbà tí ti ẹyin bá ti mọ́ yín lára, ẹ fi ike ẹran kún un.

Sátidé tó kọjá, mo tún ka ọ̀rá tó bá mi wálé. Márùn-ún ni. Búrẹ́dì wà nínú tiẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tà á nìyẹn. Iyọ̀ wà nínú tiẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ta ewúro ti di í kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìkẹrin ni ti ògì, ike rẹ̀ ni mo gbàgbé. Ìkarùn-ún ni ọ̀rá ńlá tó gbé píọ̀ wọ́tà 20, mo ti fọ̀ ọ́, ó wà lórí okùn, òun ni mo máa fi di ẹja tó ń lọ sínú fìrísà.